Igo ṣáńpéènì ọdún 2008 kan ṣoṣo: ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń tọ́ ọ wò?

Àbẹ̀ní_Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ṣe ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò ọkọ mi rí igo ṣáńpéènì Dom Pérignon kan tí wọ́n kọ 2008 sí lára, ó sì rà á fún wa, ó ní ọdún tiwa ni. Láti ìgbà náà ló ti wà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa, níbi tí iná kì í dé, tí kò sì gbóná. A ti pinnu pé a máa ṣí i lóṣù tó ń bọ̀, àwa méjèèjì pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Níbi ìnáwó kan tí a lọ nígbà kan, wọ́n gbé irú ọtí yìí jáde. Wọ́n mì í, ó tú sára ògiri, ó tú sórí gèlè mi. Èyí tó kù, wọ́n bù ú fún wa nínú ife oníke, ó tutù débi pé eyín ń ta mí. Títí dòní, n kò lè sọ ohun tó kàn mí lẹ́nu. N kò fẹ́ kí èyí tún ṣẹlẹ̀ sí igo yìí, torí kò sí òmíràn nílé. Ṣé kò tíì bàjẹ́? Báwo la ṣe ń mu ún kí èèyàn mọ ohun tó mu? Ẹ bá mi dá sí i.

Ará_Reims

Ẹ kú oríire, Àǹtí Àbẹ̀ní. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ìlú Reims nílẹ̀ Faransé, ní agbègbè tí wọ́n ti ń ṣe ṣáńpéènì, ni mo ń gbé, mo sì ti bá wọn já àjàrà ní ìkórè mẹ́rin. Kò bàjẹ́ o. Àsìkò rẹ̀ gan-an ló wà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí 2008 yẹn jẹ́, torí òun lẹ ó máa fi ahọ́n wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ṣáńpéènì tó wà lọ́jà kò ní ọdún lára. Wọ́n á mú ọtí ọdún yìí, wọ́n á pò ó mọ́ ti èṣí àti ti ìdunta, kí adùn rẹ̀ lè máa jọra lọ́dọọdún. Èyí tó bá ní ọdún lára, àjàrà ọdún yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Òfin ní kí èyí tí kò lọ́dún lo oṣù 15 ó kéré tán kí wọ́n tó tà á, kí ọlọ́dún lo ọdún 3. Àwọn tó ṣe tiyín kì í ṣe èyí tí kò lọ́dún rárá. Bí àjàrà ọdún kan kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn kò ní ṣe é lọ́dún yẹn. Ti 2008 sì pẹ́ nínú àjà ilẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú ọtí sí débi pé 2009 ló kọ́kọ́ dé ọjà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 ni wọ́n tó gbé tiyín jáde.

Ìgbà ooru ọdún 2008 kò dáa níbí. Ojú ọ̀run ṣú, oòrùn kò ràn tó bó ṣe yẹ, àwọn àgbẹ̀ ti ń káwọ́ lérí. Bí oṣù Kẹsàn-án ṣe wọlé ni ojú ọjọ́ là, atẹ́gùn gbígbẹ láti àríwá fẹ́ sóko. Àárín oṣù yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já àjàrà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń náwó fún yín lójú agbo ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan wà nínú oko níbí tí wọ́n ń kórè ọdún yẹn. Àjàrà tó bá rọra pọ́n nínú òtútù báyìí kì í sọ kíkan rẹ̀ nù, kíkan yẹn ló sì ń jẹ́ kí ọtí pẹ́ láyé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ fi ń dárúkọ 2008 pọ̀ mọ́ 1996 àti 2002.

Ọwọ́ la fi ń já a, òfin kò gba ẹ̀rọ láàyè. Igi rẹ̀ kò ga, ńṣe lèèyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, omi àjàrà á jẹ́ kí ọmọ ìka máa lẹ̀ mọ́ra wọn. Tẹ́ ẹ bá wo ilẹ̀, funfun lẹ ó rí. Ẹfun ni, bíi ẹfun tí a mọ̀ nílé. Ó ń fa omi òjò mu bíi kànìnkànìn, tí ọ̀dá bá dé, á máa fún gbòǹgbò lómi náà díẹ̀díẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n gbẹ́ ẹfun yìí lábẹ́ Reims láti fi kọ́lé, ihò ńláńlá tó ṣẹ́kù sì ni àwọn ilé ọtí fi ń ṣe àjà. UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá ayé láti 2015. Mo ti wọ ọ̀kan. Àtẹ̀gùn ń gbé wa lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, ògiri rin, ó tutù, bí mo ṣe fi ìka kàn án ni funfun lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò, ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n 10 sí 12 Celsius. Ẹ fi ìwọ̀n yẹn sọ́kàn, ó máa wúlò fún yín.

Ọmọ_Ẹlẹ́mu

Ẹ̀gbọ́n Reims, ẹ kú làálàá. Bàbá mi ń dá ẹmu. Èyí tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ń hó, ó sì ń dùn. Kó tó dalẹ́, ó ti kan, lọ́jọ́ kejì ẹnu ò ṣeé fi kàn án. Kí ló dé tí eléyìí ń lo ọdún mẹ́wàá láìkan?

Ará_Reims

Ìbéèrè gidi lẹ bi yìí. Ìwúkàrà ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ẹnu akèrègbè ẹmu ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé, kòkòrò tó ń sọ ọtí di kíkan ń bá a wọlé. Ti ṣáńpéènì, wọ́n á kọ́kọ́ sọ omi àjàrà di wáìnì lásán tí kò hó. Wọ́n á wá rọ ọ́ sínú igo, wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà sí i, wọ́n á dé e pa. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà yẹn, afẹ́fẹ́ tó bá tú jáde kò ní rí ọ̀nà gbà, á wọ inú ọtí lọ. Òun lẹ̀ ń rí tó ń hó nínú ife. Agbára rẹ̀ nínú igo tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti táyà mọ́tò.

Tí ṣúgà bá tán, ìwúkàrà á kú, á rọ̀ sílẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí. Nínú ẹmu, à ń sẹ́ ẹ dànù ni. Níbí, wọ́n á jẹ́ kí ọtí sùn lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ sì ni òórùn búrẹ́dì yíyan àti bọ́tà ti ń wọ̀ ọ́ lára. Tí àkókò bá tó, wọ́n á máa yí igo díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa dorí rẹ̀ kodò, títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fi kó jọ sí ọrùn igo. Wọ́n á sọ ọrùn náà di yìnyín, wọ́n á ṣí i, agbára inú igo á ta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti dì náà síta.

Tábìlì oníhò tí wọ́n fi ń dorí igo kodò yẹn, láti ilé iṣẹ́ opó kan ní Reims ló ti jáde, ní nǹkan bí 1816. Barbe-Nicole Ponsardin ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà tí ọkọ rẹ̀, Clicquot, kú ní 1805, ó sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Veuve tí ẹ̀ ń rí lára igo Veuve Clicquot, opó ló túmọ̀ sí. Òun náà ni wọ́n ní àkọsílẹ̀ pé ó ṣe ṣáńpéènì ọlọ́dún kan ṣoṣo ní 1810. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọtí tiyín, mọ́ńkì ni, ó ń bójú tó àjà ọtí ilé ìsìn Hautvillers láti 1668 títí tó fi kú ní 1715. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé òun ló dá ọtí tó ń hó sílẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Yíyan àjàrà àti mímọ bí wọ́n ṣe ń pò ó pọ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Agbọ́tí_London

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ma. Iṣẹ́ agbọ́tí ni mò ń ṣe ní ilé oúnjẹ kan níbí, ó ti di ọdún mọ́kànlá.

Ohun tó pa adùn ọtí yẹn mọ́ yín lẹ́nu níbi ìnáwó, òtútù àti ife ni. Ọtí tó bá tutù jù kì í ní òórùn. Èyí tí kò lọ́dún lè wà ní ìwọ̀n 8. Ọlọ́dún, ẹ fi sí 10 sí 12, ìwọ̀n àjà tí Ará Reims sọ yẹn náà ni. Ẹ gbé e sínú fìríìjì fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, kì í ṣe ibi tó ń di yìnyín o. Kó tó ku ogún ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ máa mu ún, ẹ gbé e jáde. Tí ẹ bá ní korobá, ìlàjì yìnyín, ìlàjì omi, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó. Yìnyín nìkan láìsí omi kò ní jẹ́ kó tutù dọ́gba.

Ife wáìnì funfun lásán ni kẹ́ ẹ lò, èyí tí ikùn rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sún mọ́ra. Ife gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn dára lójú, àmọ́ imú kì í ráyè wọ inú rẹ̀. Ife pẹrẹsẹ bí àwo sì ń jẹ́ kí ìhó àti òórùn sá lọ wéré. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan ife náà dáadáa, torí tí ọṣẹ bá kù lára rẹ̀, kò ní hó bó ṣe yẹ.

Ṣíṣí rẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ bó bébà dídán tó wà lórí rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí kọ́ọ̀kì kí ẹ tó tú wáyà. Ìlọ́ mẹ́fà ni wáyà náà. Láti ìgbà tí ẹ bá ti tú u, àtàǹpàkò yín kò gbọdọ̀ kúrò lórí kọ́ọ̀kì mọ́, torí mo ti rí èyí tó fọ́ gílóòbù lókè àjà, ẹ sì wo ojú ọmọ èèyàn. Ẹ dẹ igo sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹ di kọ́ọ̀kì mú ṣinṣin, igo ni kí ẹ máa yí. Kọ́ọ̀kì á fẹ́ máa jáde fúnra rẹ̀, ẹ dá a dúró, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ṣe é re, ariwo rẹ̀ kò ní ju èémí lọ: fíìì.

Ẹ bu díẹ̀, kó má kọjá ìdá mẹ́ta ife. Ẹ má tíì mu. Ẹ gbé imú sí i ná, láìfi ife yí. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́, ẹ má wá orúkọ tí ẹ kà nínú ìwé. Tó bá rán yín létí ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀pà sísun ni, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mu ìwọ̀nba tó lè yí ẹnu ká, ẹ gbé e mì, kí gbogbo yín dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí adùn rẹ̀ ṣe ń pẹ́ lọ́fun lẹ́yìn tó ti lọ ni mo fi ń mọ ọtí tó dára yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń hó.

Bọ̀dé_Manchester

Ẹ̀gbọ́n Agbọ́tí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ti ife tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò wọlé sí mi lára. Ìhó tó ń gòkè tò bí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn jẹ́ ìdajì ìgbádùn rẹ̀. Nínú ife tó fẹ̀, kíá ló ń tán.

Agbọ́tí_London

N kò bá ọ jà, Bọ̀dé. Tó bá jẹ́ èyí tí kò lọ́dún, lo ife tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ, kó o wo ìhó rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dúró de igo kan látìgbà tí wọ́n ti ra á, òórùn inú rẹ̀ ni owó náà bá lọ.

Tísà_Físíìsì

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Onímọ̀ físíìsì kan wà ní Yunifásítì Reims, Gérard Liger-Belair, iṣẹ́ rẹ̀ ni ìhó ṣáńpéènì. Ó ṣírò rẹ̀ pé ife kan lè tú nǹkan bíi mílíọ̀nù kan hóró ìhó jáde. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé hóró ìhó kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Fọ́nrán òwú kékeré tó bọ́ lára aṣọ ìnuwọ́, tàbí erukuru tó lẹ̀ mọ́ ara ife, ni afẹ́fẹ́ ń kó sí nínú, ibẹ̀ ni hóró kọ̀ọ̀kan ti ń jáde. Nítorí náà, tí ìhó bá pọ̀ nínú ife ẹnì kan ju ti ẹnì kejì lọ, ẹ má rò pé ọtí ló yàtọ̀. Aṣọ tí wọ́n fi nu ife ni.

Ọtí tó bá ti dàgbà kì í hó bíi ti ọmọdé, Àǹtí. Hóró rẹ̀ á kéré, á tò jẹ́jẹ́. Kì í ṣe àbùkù.

Àbẹ̀ní_Peckham

Ẹ ṣeun ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bèèrè pé kí la máa jẹ tì í. Ó ti fẹ́ se jọ̀lọ́ọ̀fù, ó sì fẹ́ ra kéèkì.

Màmá_Ṣadé_Montreuil

Ọmọ mi, ẹ kú ìmúra. Ẹ má fi kéèkì ṣáájú rẹ̀ o. Ẹ gbọ́ mi yé. Ṣáńpéènì tí wọ́n kọ Brut sí lára, ṣúgà inú rẹ̀ kò tó gíráàmù 12 nínú lítà kan. Tí ẹnu bá ti jẹ ṣúgà kéèkì, tí ẹ wá fi ọtí yìí lé e, á kan yín lẹ́nu bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ lásán, ẹ ó sì máa dá ọtí lẹ́bi. Níbi àríyá wa, ìgbà tí a bá gé kéèkì la máa ń ṣí i, ó sì ti pẹ́ tí èyí ti ń dùn mí. Tí ẹ bá fẹ́ kéèkì, ẹ mu ọtí tán ná.

Jọ̀lọ́ọ̀fù pẹ̀lú ata rodo náà, ẹ fi sí ọ̀la. Ìhó máa ń jẹ́ kí ata túbọ̀ ta, ẹ kò ní rí ọtí gbọ́. Ohun díndín tó níyọ̀ díẹ̀ ló bá a mu. Ní ilé mi, mo dín dùńdú tẹ́ẹ́rẹ́, mo bu iyọ̀ sí i nígbà tó ṣì gbóná, ọ̀rẹ́ mi ará Épernay, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ṣáńpéènì, tó wá kí mi jẹ àwo méjì, ó ní irú rẹ̀ yẹ kó wà ní ìlú àwọn. Kíkan ọtí náà ń gé òróró kúrò lẹ́nu. Adìyẹ yíyan tí kò láta dáa. Tí ẹ bá rí wàràkàṣì Comté tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ rà á, adùn ẹ̀pà inú rẹ̀ ń bá ti ọtí lọ.

Ará_Reims

Màmá, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi ohun méjì kún un kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Tí ẹ bá ṣí i, tó ń rùn bíi páálí tí òjò pa, kọ́ọ̀kì ló bà á jẹ́. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí igo èyíkéyìí, òtútù kọ́, ọwọ́ yín náà kọ́. Ẹ wá nǹkan dé igo náà, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Tó bá sì ṣẹ́kù, ẹ wá ìdérí tí wọ́n ṣe fún ṣáńpéènì, kí ẹ dá a padà sínú fìríìjì. Ṣíbí tí àwọn èèyàn ń kì bọ ọrùn igo kò ṣe nǹkan kan.

Èkejì, ẹ má yára. Igo kan kò ju ife mẹ́fà lọ, ẹ̀yin mẹ́rin lẹ máa mu ún. Ẹ fi ife kan sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án fún ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ wá padà sí i. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ kò ní jẹ́ ohun tí ẹ fi sílẹ̀.

Àbẹ̀ní_Peckham

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin ará mi. A ti ṣí i ní alẹ́ Sátidé.

Bàbá àwọn ọmọ ló di kọ́ọ̀kì mú, èmi ń wo àtàǹpàkò rẹ̀. Kò mì í, kò sáré, ó ń yí igo bí ẹni tó ń yí ọmọ lójú oorun. Fíìì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé ó ti ṣí ni? Ife wáìnì funfun la lò. Àwọ̀ rẹ̀ bíi wúrà tí kò tíì mọ́ rekete, hóró ìhó rẹ̀ kéré, ó ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo gbé imú sí i, n kò gbọ́ ohun púpọ̀, mo ní ṣé bó ṣe máa rí nìyí. Mo mu ún, ó kan, àmọ́ kíkan tó mọ́ ni, itọ́ dà lẹ́nu mi bí ìgbà tí èèyàn bá kọ́kọ́ fi eyín kan àgbálùmọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo pè é. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ tísà, ní òun gbọ́ òórùn pátákó ìkọ̀wé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Mo sọ fún un nípa ẹfun abẹ́ oko wọn, ó gbé ife sókè, ó ń wò ó. Dùńdú Màmá Ṣadé tán kí ife àkọ́kọ́ tó tán.

Mo fi tèmi kejì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ará Reims ṣe wí. Nígbà tí mo padà sí i, búrẹ́dì. Búrẹ́dì tí iná ti mú létí díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà àti èéfín kan tó jìnnà. Mo na ife sí bàbá àwọn ọmọ láìsọ nǹkan kan. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó dákẹ́, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó ní òpópónà tí àwọn ń gbà lọ ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, níwájú ilé búrẹ́dì, ní ìdájí, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn.

Wákàtí méjì ààbọ̀ la fi mu igo kan. A kò fọ igo náà, ó wà lójú fèrèsé ìdáná. Mo gbé imú sí ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ yìí kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Oyin ló kù níbẹ̀.